Sọ́jà Borno tí Kò Ròyìn Ogun

Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí n rójú kọ nǹkan láti ìjelòó.

Nínú kíláàsì wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bí a ṣe lè fi Yorùbá pe sọ́jà tí a kò fi ipá mú, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ forúkọ sílẹ̀. Mo ní kí ó pè é ní sọ́jà afínnúfíndọ̀. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: fi inú, fi ẹ̀dọ̀. Ẹni tí ó bá fínnúfíndọ̀ ṣe nǹkan, láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ ni ó ti ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní kí n fún òun ní àpẹẹrẹ kan. Ẹni tí ó sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí ni wọ́n bí i sí: Nicholas Said, ọmọ Borno.

Ní nǹkan bí 1836 ni wọ́n bí i ní Kukawa, olú-ìlú Borno nígbà náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mohammed Ali. Balógun ni bàbá rẹ̀, Barca Gana, láàrin àwọn ọmọ ogun Borno. Nígbà tí Said kò tí ì dàgbà tán, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣọdẹ, ni àwọn Tuareg bá kó wọn lẹ́rú. Wọ́n mú un la aginjù Sàhárà já. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Tripoli, tí ó dé Istanbul, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọọba Rọ́ṣíà. Ọ̀kan nínú wọn, Nicholas Trubetzkoy, ni ó bá rìn káàkiri Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Rọ́ṣíà náà ni wọ́n ti rì í bọmi, tí orúkọ Nicholas fi mọ́ ọn lára.

Èmi tí mo ń jẹun nídìí ìmọ̀ èdè, ibi tí ẹnu ti kọ́kọ́ yà mí nìyí: ibi gbogbo tí wọ́n gbé e dé ni ó ti gbọ́ èdè. Kanuri, Mandara, Lárúbáwá, Tọ́kì, Rọ́ṣíà, Jámánì, Ítálì, Faransé, kí ó tó wá kan Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ní ìwé atúmọ̀-èdè lọ́wọ́, a ṣì ń ráhùn pé àmì ohùn ṣòro!

Ilé ni ó fẹ́ padà sí nígbà tí ọkùnrin kan gbà á síṣẹ́ ní London, tí ó sì mú un sọdá òkun. Ọkùnrin yìí yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì já a sílẹ̀ ní Kánádà. Said bọ́ sí Detroit, ó di tíṣà.

Ní 1863, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti wọ ọdún kẹta. Said kò ní ọ̀gá kankan tí ó lè rán an lọ sógun, kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Síbẹ̀ ó forúkọ sílẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 55 ti Massachusetts, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Láìpẹ́ wọ́n sọ ọ́ di sájẹ́ǹtì. Àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ sọ́jà wà títí dòní.

Erékùṣù Folly, ní etíkun South Carolina, ni ẹgbẹ́ náà pàgọ́ sí. Kòtò ni wọ́n ń gbẹ́, ẹrù ni wọ́n ń rù, lójú ìbọn àgbá àwọn ọ̀tá. Dọ́là 13 ni sọ́jà aláwọ̀ funfun ń gbà lóṣù. Dọ́là 10 ni wọ́n fẹ́ fún tiwọn, wọn yóò sì yọ dọ́là 3 níbẹ̀ fún aṣọ. Ẹgbẹ́ 55 kọ̀ ọ́. Ìjọba Massachusetts ní òun yóò san èyí tí ó kù. Wọ́n kọ ìyẹn náà, nítorí ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí owó, ó ti di ọ̀rọ̀ iyì. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan láìgba kọ́bọ̀, nígbà tí ebi ń pa aya àtọmọ nílé. Oṣù Òkúdù 1864 ni ilé aṣòfin tó ṣe òfin tí yóò mú owó náà dọ́gba.

Nígbà tí ogun ń parí lọ, Said fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá òun padà sí ipò kọ́púrà, kí òun lè ṣiṣẹ́ ní ọsibítù àwọn sọ́jà, kí òun sì mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ ìṣègùn. Ó fi okùn mẹ́ta sílẹ̀, ó gba méjì. Ní Honey Hill, ní oṣù Bélú 1864, ó lé ní 100 ọmọ ẹgbẹ́ náà tí ó kú tàbí tí ó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù Èrèlé 1865, Ẹgbẹ́ 55 wọ Charleston tòun torin, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú sì ń hó yèè. Ọdún náà ni wọ́n tú wọn ká.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi jókòó kọ èyí ló kù. Said tẹ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní Memphis ní 1873. Borno wà níbẹ̀, Sàhárà wà níbẹ̀, àwọn ọmọọba wà níbẹ̀. Ogun kò sí níbẹ̀. Kò dárúkọ Ẹgbẹ́ 55 rárá. Kódà nínú ìtàn rẹ̀ tí The Atlantic Monthly gbé jáde ní 1867, ọ̀rọ̀ ìṣáájú olóòtú ni a ti rí iṣẹ́ ogun rẹ̀ kà. Ọkùnrin tí ó gbọ́ èdè mẹ́sàn-án, kò fi ẹyọ kan ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí!

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi. Alabama ni ó ń gbé nígbà náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, láàrin àwọn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jagun. Ẹni tí yóò tàwé fún wọn, tí yóò sì bá wọn gbé, kò lè máa fi ìbọn àná hàn wọ́n. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà mi lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú wọn nítorí iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wa. Wọ́n ròyìn ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ròyìn Íńdíà, wọ́n sọ Haúsá tí àwọn sọ́jà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, ogun náà fúnra rẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo pa ẹ̀rọ, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: "Kò rántí púpọ̀."

Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, a rí bébà kan nínú àpótí wọn. Orúkọ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ síbẹ̀. Kò sí orúkọ mọ̀lẹ́bí wa kankan nínú rẹ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá wọ́n fínnúfíndọ̀ lọ ni àbí ńṣe ni wọ́n mú wọn. N kò bi wọ́n léèrè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gba ohùn àgbà sílẹ̀, níbi tí àgbà bá ti dákẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dákẹ́. Ẹ má ṣe bá a kọ ọ́ pé kò rántí. Mo wá ìwé àtijọ́ mi yẹn jáde lánàá, mo sì fa igi lé gbólóhùn náà.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.