Nígbà Tí Àgbà Bá Padà Di Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Glasgow

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹni tó ti lé lógójì ọdún, tó ti bímọ, tó ti ṣiṣẹ́ títí, tó wá gba ìwé ìwọlé sí yunifásítì nílùú òyìnbó. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, tíṣà wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ báńkì náà kò gbẹ́yìn. Ó sì tún kan ìyá àgbà tí wọ́n máa kó ọmọ tì lọ́wọ́, tí yóò máa dá rò lóru pé, "Ṣé òtútù ọ̀hún kò ní ṣe ọmọ mi báyìí?"

Glasgow la fẹ́ bá yín sọ, ní ilẹ̀ Scotland, lápá òkè Ìlú Ọba. Odò Clyde ló la ìlú náà kọjá. Ọdún 1451 ni wọ́n ti dá Yunifásítì Glasgow sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì Strathclyde àti Glasgow Caledonian wà láàárín ìgboro. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́ láti 1896. Òbìrí ló ń yí, ibùdókọ̀ 15 péré ló ní, nítorí náà ẹni tó bá ṣi ibi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, bó bá jókòó síbẹ̀, ọkọ̀ náà á tún gbé e yí padà wá.

Ohun kan la fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo ohun tí a máa sọ. Ìwé kíkà kọ́ ló sábà ń dá àgbà lágara. Ohun tó ń ṣòro ni pé ẹni tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ nílé, òun ni yóò wá máa béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún. Ẹni tó bá gbà láti béèrè, ara rẹ̀ á tètè balẹ̀. Ẹni tí ìtìjú kò bá jẹ́ kó béèrè, àìsàn, gbèsè tàbí ìbànújẹ́ lè ti wọlé dé kó tó la ẹnu.

Orúkọ yín gan-an ni wọn yóò máa pè

Níbẹ̀, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 kó tó bẹ̀rẹ̀ dìgírì àkọ́kọ́, àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń kà á sí. Ẹni ọdún 45 kì í ṣe ohun ìyanu lójú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí Ìyá Túndé níbẹ̀, kò sí Alàgbà, kò sí Alhaja. Ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ àkọ́bí yín yóò pe orúkọ yín láìfi nǹkan kan ṣáájú, olùkọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà lè ní kí ẹ máa pe orúkọ òun bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú. Kì í ṣe pé wọ́n rí yín fín, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò nìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì wọn náà á kọ́kọ́ ṣe yín ní kàyéfì. Ẹni tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ láti ogún ọdún lè má gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń sọ. "Wee" ni wọ́n ń pe ohun kékeré, "aye" ni wọ́n ń pe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ, kí wọ́n rọra sọ ọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, etí á ti mọ́ ọn.

Nípa iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Tí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ ẹlòmíì láti inú ìwé, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ni ín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè ni wọn yóò kà á sí, ìyà rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn kan wà ní yunifásítì tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti fi han akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, wọn kì í sì í gbowó. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ má dúró dìgbà tí máàkì bá kọ́kọ́ já yín kulẹ̀.

Ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan wà ní Yunifásítì Glasgow tí wọ́n ṣí ní 2021. Orúkọ James McCune Smith ni wọ́n fi pè é. Adúláwọ̀ ni ọkùnrin náà, inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní New York ní 1813. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà kò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀, ló bá la òkun kọjá wá sí Glasgow, ó sì gba oyè dókítà níbẹ̀ ní 1837. Kò sí adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kankan tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkàn yín bá ń sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ yín, ẹ gbójú sókè wo orúkọ náà lára ilé.

Òjò àti òkùnkùn

Ohun tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù ni òtútù, ṣùgbọ́n òjò gan-an ni wàhálà Glasgow. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 150 lọ. Kì í ṣe àrọ̀ọ̀rọ̀dá bíi tiwa, wẹliwẹli ni, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ ẹ síni lójú. Atẹ́gùn yẹn kì í jẹ́ kí agbòjò wúlò. Kóòtù tí omi kò lè wọ̀, tó ní ìborí lára, ló dáa jù, àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀, nítorí ìgbà tí omi ojú ọ̀nà bá dì. Ẹ má náwó púpọ̀ sórí aṣọ òtútù kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìgboro tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù ní owó pọ́ọ́kú, bí okrika tiwa ló rí.

Ti òkùnkùn ló tún ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Ní àárín oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ ààbọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ní oṣù Kẹfà ẹ̀wẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣì máa ń wà lójú ọ̀run ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Oòrùn ló ń bá ara wa ṣe fítámì D tó ń mú egungun àti iṣan le, awọ dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ kó tó rí i ṣe. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Scotland fi gba gbogbo èèyàn níyànjú láti máa lo fítámì D, ìwọ̀n máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, nígbà òtútù. Àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní kí a máa lò ó jálẹ̀ ọdún. Kò wọ́n, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ pàápàá ń tà á.

Ẹ má ti ara yín mọ́lé. Ẹ jáde rìn ní ọ̀sán gangan, bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ dúdú. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ tó wà ní Kelvingrove, tí wọ́n ṣí ní 1901, ọ̀fẹ́ ni wíwọ ibẹ̀. Ilé ìkàwé Mitchell náà wà fún gbogbo ará ìlú. Bí ìbànújẹ́ bá dúró ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò wọ ẹnu, ẹ sọ fún dókítà tàbí olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Dókítà, oògùn àti ẹ̀jẹ̀ ríru

Kí wọ́n tó fúnni ní físà, ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, yóò sì san owó ìlera, tó jẹ́ pọ́n-ùn 776 fún ọdún kan láti 2024. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn bá ti san án, ó parí. Kò parí o. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò tí ẹ ń gbé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí ara yín ṣì le, nítorí pé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ ló máa ń sá kiri nígbà tí ibà bá dé.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ nílé, kí wọ́n kọ orúkọ oògùn gan-an àti ìwọ̀n tó ń lò síbẹ̀. Kó gbé oògùn tó máa tó o lò fún ìgbà díẹ̀ dání, kó má yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè ga sí i. Ẹ má dá oògùn dúró, ẹ sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́, nítorí àwọn àgbo kan ń bá oògùn jà.

Ohun kan dùn ní Scotland. Láti 2011, oògùn tí dókítà bá kọ fúnni kò ní owó, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ ní England. Àyẹ̀wò ojú náà kò ní owó. Àwọn apoògùn tún lè wo àìsàn kéékèèké, kí wọ́n fún yín lóògùn láìjẹ́ pé ẹ rí dókítà. Bí ara kò bá yá lóru, tí kò sì le jù, nọ́ńbà 111 ni kí ẹ pè. Bó bá jẹ́ àyà dídùn líle, tàbí ẹnu tó ṣàdédé wọ́, ọwọ́ tó rọ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, 999 ni, lójú ẹsẹ̀. Rọpárọsẹ̀ kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ilé, oúnjẹ àti owó

Nítorí òtútù, àlejò máa ń ti gbogbo fèrèsé pa, á sì máa sá aṣọ tútù sínú yàrá. Láìpẹ́, nǹkan dúdú dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í hu lára ògiri, ikọ́ á sì bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń há. Ẹ máa ṣí fèrèsé díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má sì ṣe dáná èédú nínú ilé láti fi yá iná, èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn lè pa ènìyàn sójú oorun.

Ti omi kò la wàhálà lọ. Láti 1859 ni omi adágún Loch Katrine ti ń wá sí Glasgow. Ẹ ṣí ẹ̀rọ, ẹ bu omi, ẹ mu.

Gàrí, èlùbọ́, epo pupa àti ẹ̀gúsí wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Áfíríkà, àmọ́ ó wọ́n ju ti ilé lọ. Kìlìṣí, ẹran gbígbẹ àti wàràkàṣì, ẹ má dì wọ́n sẹ́rù, òfin kò gbà kí wọ́n wọlé. Oúnjẹ inú páálí tí wọ́n ń gbé kaná kíákíá sábà máa ń ní iyọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gbogbo àkókò kàwé kì í san owó orí ilé, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ti iṣẹ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni ẹni tó ń kà dìgírì lè ṣe nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ alẹ́ méjì, wákàtí mẹ́wàá-mẹ́wàá, ti ṣe é tán. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ fi físà rẹ̀ sínú ewu, ara ẹni ogójì ọdún ó lé kì í sì í gba àìsùn bíi ti ọmọ ogún ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 2024, ẹni tó bá lọ kàwé gba máásítà tí wọ́n ń kọ́ni ní kíláàsì kò lè kó ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ tẹ̀ lé e mọ́. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí, bíi ti oyè dókítà nínú ìmọ̀, wọ́n ṣì ń gbà fún wọn. Nítorí náà, ọdún kan gbáko ni ilé máa pín sí méjì. Ẹ jókòó sọ̀rọ̀ kí bàálù tó gbéra: ta ni yóò máa lọ sí ìpàdé òbí nílé ìwé ọmọ? Ta ni yóò máa gbé Màmá lọ sí ọsibítù? Ẹ sọ òótọ́ oṣù tí ẹ máa padà fún àwọn ọmọ, ẹ má sọ pé ọ̀la ni.

Ẹ fi àkókò kan pàtó sílẹ̀ fún ìpè. Láti òpin oṣù Kẹta sí òpin oṣù Kẹwàá, aago Glasgow àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, tiwọn ń fi wákàtí kan gbẹ́yìn tiwa.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá àgbà, a bẹ̀ yín, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ yín níbẹ̀, kò tíì di ọlọ́rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ìpè jẹ́ ti owó. Bó bá sì rẹ̀ yín, ẹ má fi pamọ́ fún un títí yóò fi di ńlá. Ọmọ mẹ́ta tí wọ́n kó sílẹ̀ fún ẹni àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ará ilé àti aládùúgbò, ẹ má gbàgbé oògùn tiyín nídìí oúnjẹ ọmọ.

Abéèrè kì í ṣìnà, bóyá ní Glasgow ni o, bóyá ní Ìbàdàn. Kí àwọn tó lọ kàwé lọ ire, kí wọ́n bọ̀ ire, kí wọ́n sì bá gbogbo wa láyọ̀ àti àlàáfíà.