Ìmọ́lẹ̀ Inú Àjẹkù

Gbogbo wa la mọ tanátaná, kòkòrò tó máa ń tàn yànrànyànràn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Iná àtùpà ń jó ni lọ́wọ́, gílóòbù náà ń gbóná. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá mú tanátaná, kò ní jó o. Ìmọ́lẹ̀ tútù ni Ọlọ́run fi sí i lára. Ọkùnrin ará Jàpáánù kan, Osamu Shimomura, fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára àwọn ẹ̀dá inú òkun.

Ìmọ́lẹ̀ tó kọ́kọ́ pàdé kì í ṣe tútù rárá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1945, tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ìlú Nagasaki, ọmọ ọdún 16 ni, ó wà níbi iṣẹ́ nítòsí ìlú náà. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ǹbù náà gba ojú rẹ̀, kò ríran fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Òjò dúdú pa á bó ti ń lọ sílé, ìyá rẹ̀ àgbà sì ní kó tètè wẹ̀. Báyìí ni Ọlọ́run dá a sí.

Lọ́dún 1960 ó lọ sí Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Johnson. Lọ́dún kejì, wọ́n wakọ̀ lọ sí Friday Harbor, létí òkun, láti kó jẹ́lífíìṣì, ẹ̀dá kan tí kò ní egungun, tí ara rẹ̀ ń mì bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n fẹ́ fa ohun tó ń tàn jáde lára rẹ̀, kò sì rọrùn. Lọ́jọ́ kan, Shimomura da èyí tó lò kù sínú síǹkì. Àfi bí inú síǹkì ṣe mọ́lẹ̀ yòò! Omi òkun ń ṣàn wọ síǹkì náà, kálísíọ̀mù inú omi òkun ló sì tan iná ọ̀hún. Ohun tó dà nù ló dá a lóhùn.

Jẹ́lífíìṣì bí 10,000 ni wọ́n lò lọ́dún yẹn. Ohun tó ń tàn tí wọ́n rí nínú gbogbo rẹ̀ kò kún orí ṣíbí. Nǹkan mìíràn tún yọ, tí wọn ò wá rárá: pùrótéènì kan tó ń tàn bí àwọ̀ ewé. Wọ́n kàn mẹ́nu bà á nínú ìwé tí wọ́n kọ lọ́dún 1962 ni. Shimomura ò dà á nù. Ó ń tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun, ìyàwó àti ọmọ ń padà lọ sí etí òkun náà, títí jẹ́lífíìṣì tí wọ́n kó fi tó nǹkan bí 850,000.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí ayé tó mọ ìwúlò àjẹkù yẹn. Lónìí, òun làwọn onímọ̀ fi ń rí bí jẹjẹrẹ ṣe ń ràn nínú ara. Lọ́dún 2008, Shimomura, Martin Chalfie àti Roger Tsien gba Ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n Douglas Prasher, ẹni tó ya àbùdá pùrótéènì náà sọ́tọ̀ lọ́dún 1992, tó sì fún Chalfie àti Tsien lọ́fẹ̀ẹ́, ń wa ọkọ̀ fáwọn oníbàárà níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò lọ́dún náà. Owó ìwádìí ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Chalfie àti Tsien ló sanwó kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè débi ayẹyẹ náà.

Mo sọ ti Prasher nítorí ìyá kan nínú ìjọ wa, tó ń ta ẹja yíyan ní Old Market. Ó bi mí pé, "Pásítọ̀, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ márùn-ún péré lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí lèrè ẹ̀?" Mo ní, "Mà, ẹja tó bá fọ́ ńkọ́, ṣé ẹ máa ń dà á nù ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àgbẹdọ̀! Mo ń kó o sábọ́ lọ́tọ̀ ni. Ẹni tí ò lówó á rà á, èyí tó kù á di ọbẹ̀ ilé."

Mi ò ṣèlérí ẹ̀bùn kankan fún un. Ẹlòmíràn á ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún. Àmọ́ mo rán an létí ọjọ́ tí Jésù fi búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì bọ́ 5,000 ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n yó tán, Ó ní kí wọ́n ṣa ohun tó ṣẹ́kù, agbọ̀n 12 sì kún. Ẹni tó lágbára láti pèsè oúnjẹ mìíràn ni kò gbà kí èérún ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni tó jí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ tí ò ju ìka ọwọ́ kan lọ, ẹ má fi í sílẹ̀. Bí a bá fojú rí èrè rẹ̀, ọpẹ́ ni. Bí a ò bá rí i, Ẹni tó rán wa níṣẹ́ ń rí wa. Kí Olúwa má jẹ́ kí rere ṣíṣe sú wa. Àmín.