Òfin Ẹnu Géètì

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú, tiránsífà la fi ń ra tòmátì ní ọjà Ajah. Oníbàárà á na fóònù sókè, ìyá olójà á yọ tiẹ̀, àwọn méjèèjì á wá máa wo ara wọn lójú: owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rà, kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó tà. Mi ò sí nínú ilé báńkì kankan, n ò sì lè sọ ohun tó ṣe ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọ́jú sáfà dátábéèsì mọ̀ pé bí èrò bá ya dé lójijì báyìí, ẹ̀rọ tó lágbára tó sì ní àyè lè máa lé èèyàn padà, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò.

Lójú Linux, fáìlì ni ohun gbogbo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́: téébù inú dátábéèsì, títí kan okùn tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan fi so mọ́ ọn. Iye tí ètò kan lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà sì ní gbèdéke; 1024 la sábà ń bá níbẹ̀. Oríṣi méjì ni gbèdéke ọ̀hún. Ètò fúnra rẹ̀ lè sún èyí tó rọ̀ sókè títí yóò fi kan èyí tó le. Èyí tó le, root nìkan ló lè gbé e sókè. Láti ayé 4.2BSD ní 1983 ni irú àṣẹ yìí ti wà, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín kọ̀ǹpútà kan lò.

Àbúrò kan pè mí láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ láìpẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí dátábéèsì MySQL gba ìsopọ̀ 800. 214 ló ń gbà!”

Mo rẹ́rìn-ín. Ojúlùmọ̀ ni 214. Bí MySQL bá bá 1024 lọ́wọ́ Linux, tí kò sì rí i gbé sókè, á yọ 10 sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, á yọ 800 fún téébù, ìyókù ló kù fún oníbàárà. Kò ní kú o. Á kàn kọ ìkìlọ̀ kan sínú log, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ta ló ń ka log?

“Mo ti kọ 65536 sínú limits.conf o. Mo jáde, mo tún wọlé, ulimit -n gan-an fi 65536 hàn mí.”

Òótọ́ ló sọ. Ní ẹ́súteètì VGC tí mò ń gbé, àlejò tí kò ní kóòdù ò ní kọjá géètì. Ẹni tó sùn mọ́jú nínú ẹ́súteètì ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan, torí kò gba ẹnu géètì kọjá láàárọ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì ni limits.conf. PAM ló ń kà á, ẹni tó bá login nìkan ló sì ń kà á fún. Dátábéèsì kì í gba ibẹ̀: systemd ló ń jí i nínú ilé nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn, inú unit fáìlì rẹ̀ sì ni LimitNOFILE gbọ́dọ̀ wà. Unit fáìlì ti ibi iṣẹ́ àbúrò mi, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, LimitNOFILE ò sí níbẹ̀. Mo ní kó wo limits ti mysqld gan-an nínú /proc. 1024 ló bá.

“Ṣé kí n kúkú kọ infinity, ká sinmi?”

Mi ò fẹ́ràn ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà tó ju fs.nr_open, gbèdéke Linux fúnra rẹ̀ (tó sábà jẹ́ 1048576), lọ sínú limits.conf lè rí i pé PAM ò jẹ́ kí òun wọlé mọ́, ìbáà jẹ́ root. Àwọn tó ṣe systemd ronú sí i: ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nínú ẹ̀dà 240, wọ́n gbé gbèdéke líle dé 524288, wọ́n sì fi èyí tó rọ̀ sílẹ̀ ní 1024, torí àwọn ètò àtijọ́ tó ń lo select ò lè bójú tó fáìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti tó 1024. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn, lójú tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ púpọ̀ á béèrè. Ẹni tí ò béèrè, 1024 tó o.

Mo ní kó ṣírò rẹ̀: 10, iye ìsopọ̀, àti ìlọ́po méjì table_open_cache. Pẹ̀lú ìsopọ̀ 800 àti table_open_cache 4000 tirẹ̀, 8810 ni. Kó kọ 10000. Ó ní ọ̀gá òun á béèrè ibi tí òun ti rí i. Mo ní kó kọ ìṣirò náà sórí LimitNOFILE nínú unit fáìlì, kó ṣe daemon-reload, kó sì dúró di òru kó tó tún mysqld bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà tó bá ń jí nìkan ni MySQL ń ṣe ìṣirò tirẹ̀.