Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ inú kọnkéré

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Ìbéèrè tó ká wa lára ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún nígbà ìsinmi kì í ṣe ti aláǹgbá o: ẹnu tí ògiri ti là, ṣé ó ṣì ń là sí i?

Àtẹ́rígbà kọnkéré tó wà lókè ilẹ̀kùn ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa ló sán. Màmá ní ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, pé bó bá máa wó, ì bá ti wó. Èyí ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Kọnkéré tó ń ru ẹrù tọ̀sán-tòru a máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. A fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tí sísán náà parí sí, a sì kọ déètì sí i. Bó bá kọjá ìlà, kí wọ́n pe ẹni tó mọ iṣẹ́, kí wọ́n má kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa kọnkéré oní-fọ́nrán. Kì í ṣe àrà tuntun. Ẹ rántí Fáráò àti koríko bíríkì nínú Ẹ́kísódù orí 5. Lóde òní, fọ́nrán irin tàbí ti ike ni wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta. Bí kọnkéré bá sán, fọ́nrán á di etí méjèèjì mú bí òwú ṣe ń di aṣọ tó ya mú. Àmọ́ ẹrù kò kúrò lórí rẹ̀. Fọ́nrán irin á máa sún kúrò nínú ihò rẹ̀. Ti ike á máa sún, òun fúnra rẹ̀ á tún máa fà gùn. Sísán á máa fẹ̀, kíákíá níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á rọra. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, kò ní rọra. Ọjọ́ kan ni yóò já.

Òyìnbó ní ó ń rákò. Kò dùn létí wa, torí kọnkéré kò lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe ọkọ̀ tó há lójú pópó la yàn: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Sún jẹ́ ti irin, fà jẹ́ ti ike, kẹrẹ sì jẹ́ ti ọjọ́ tó ń lọ. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó gbé e wá.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń dán agbára kọnkéré wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Láti mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó sán, wọ́n á gbé ẹrù lé e, wọ́n á sì máa wọn bó ṣe ń fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún.