Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí A Kó Lọ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Bọ̀lì tí màmá àgbà mi ń sun fáwọn awakọ̀ tírélà ní Ògèrè níbí ló ń san owó ìwé mi. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ní òun fẹ́ kọ́lé.

Màmá ò sunkún. Wọ́n ní ọmọ là ń gbé, a kì í gbé ìyá, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá ń so, lẹ́yìn náà á kú. Èyí tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí idà, tí ìdí rẹ̀ sì tóbi, ni ká mú. Èyí tí ewé rẹ̀ tètè fẹ̀ gbàgàdà kò lágbára. A fi àdá gé ewé àti gbòǹgbò, a sì bẹ ìdí rẹ̀ títí ó fi funfun, kí kòkòrò má bàa bá wa délé. Nígbà tí òjò rọ̀, a gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé, mítà 3 síra wọn, a fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀. Tí wọ́n bá dàgbà, ọmọ kan tàbí méjì la máa fi sílẹ̀ nídìí ìyá kọ̀ọ̀kan, ká gé ìyókù, kí wọ́n má bàa du oúnjẹ.

Ó máa tó nǹkan bí oṣù 9 sí 12 kí wọ́n tó so. Owó WAEC ò ní dúró dè wọ́n, ẹ̀kọ ni Màmá ń tà báyìí. Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ta gbòǹgbò. 12 la gbìn. 11 ti yọ ewé tuntun.