Bí Ọmọ Bá Ní Òun Kò Ní Fò

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí eré òkìtì, èyí tí òyìnbó ń pè ní gymnastics. Ọmọ wa obìnrin, ẹni ọdún 11, wà lára àwọn tó ń ṣe é níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà ìdíje Òlíńpíìkì ìlú Paris ní ọdún 2024 ni àwọn òbí ti ń bi àwa méjèèjì léèrè nípàdé ẹgbẹ́ pé, ǹjẹ́ eré yìí dára fún ọmọ ẹni bí? A ní kí a dáhùn lójú ewé yìí, kí gbogbo yín lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Òkìtì títa kì í ṣe ohun tuntun sí Yorùbá. Àwọn eégún aláré ti ń takìtì lójú agbo, tí bàtá ń dún tẹ̀lé wọn, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ti àwọn eléré ìdíje yìí le ju ti orí iyanrìn tí a ta nígbà èwe wa lọ. Igi tí àwọn obìnrin ń takìtì lórí rẹ̀, ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, gíga rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 125. Wọ́n á tún sáré fò lórí tábìlì ìfò, wọ́n á rọ̀ mọ́ ọ̀pá méjì tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, wọ́n á sì ṣeré lórí ilẹ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, máàkì 10 ni òpin. Nígbà tí Nadia Comaneci, ọmọ ọdún 14 láti Romania, gbà á ní Montreal ní ọdún 1976, pátákó tí wọ́n fi ń gbé máàkì jáde kò lè kọ 10.00, ó kọ 1.00. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti yí i padà. Máàkì di oríṣi méjì: ọ̀kan fún bí ohun tí eléré ṣe ti le tó, èkejì fún bí ó ti ṣe é dáadáa sí. Ti àkọ́kọ́ kò ní òpin. Ẹni tó bá fẹ́ borí ní láti máa wá òkìtì tó le ju ti àná lọ.

Kí a má purọ́, eré yìí ti mú orí wa wú. Ní ọdún 2003, Daiane dos Santos láti Brazil di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú ìdíje àgbáyé. Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012, Gabby Douglas ará Amẹ́ríkà borí gbogbo àwọn obìnrin yòókù nínú àpapọ̀ eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, adúláwọ̀ kankan kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní Òlíńpíìkì. Uche Eke ṣojú Nàìjíríà ní Tokyo ní ọdún 2021, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé orúkọ orílẹ̀-èdè wa dé Òlíńpíìkì nínú eré yìí. Nígbà tó di Paris, Kaylia Nemour gba wúrà lórí ọ̀pá fún Algeria. Kó tó di ọjọ́ náà, ilẹ̀ Áfíríkà kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan rí nínú eré òkìtì ní Òlíńpíìkì.

Ní Paris yìí kan náà ni Rebeca Andrade ará Brazil ti gba wúrà nínú eré orí ilẹ̀. Iṣẹ́ ilé onílé ni ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọmọ mẹ́jọ. Simone Biles àti Jordan Chiles, àwọn ará Amẹ́ríkà tó tẹ̀ lé e, dúró sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n sì tẹrí ba fún un. Adúláwọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gba idẹ lọ́wọ́ Chiles, wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ mú lọ bá àwọn adájọ́ fi ìṣẹ́jú àáyá 4 pẹ́. Síbẹ̀, kò sí adájọ́ tó lè gba ohun tí ojú wa ti rí.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, bí a bá ń yọ̀ náà, ó yẹ kí a máa ríran. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn Elena Mukhina, ọmọ ilẹ̀ Soviet tó gba ipò kìíní lágbàáyé ní ọdún 1978. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lẹ́yìn náà, kó sì tó san tán ni wọ́n ti dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ léraléra pé òkìtì kan tí wọ́n ní kí òun máa ta yóò kán òun lọ́rùn. Wọn kò kà á sí. Ní oṣù keje ọdún 1980, nígbà tí Òlíńpíìkì Moscow ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ta òkìtì náà ní Minsk, ó fi àgbọ̀n gúnlẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì kán. Ẹni 20 ọdún ni. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ títí ó fi kú ní ọdún 2006.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí Kerri Strug ní Atlanta ní ọdún 1996. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe, ó tún fò lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́, olùkọ́ sì gbé e mọ́ra jáde. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n ṣírò máàkì, wọ́n rí i pé bí kò bá tilẹ̀ fo èkejì, wúrà náà ì bá ṣì jẹ́ ti Amẹ́ríkà.

Ọdún 25 lẹ́yìn Atlanta ni ti Biles ní Tokyo. Ó ti pinnu láti yíra po bí òkòtó nígbà méjì àti ààbọ̀ lójú òfuurufú, ó yí ẹyọ kan àti ààbọ̀ péré. Ohun tó ṣe é, gbogbo eléré òkìtì ló mọ̀ ọ́n: orí kò mọ ibi tí ara wà mọ́. Ojú kò mọ òkè, kò mọ ilẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá mú ènìyàn lójú òfuurufú, orí tàbí ọrùn ló lè fi balẹ̀. Biles ní òun kò fò mọ́. Amẹ́ríkà gba fàdákà, Bírítéènì tiwa níbí gba idẹ, àwọn kan sì ń pe Biles ní ojo. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó padà wá gba idẹ lórí igi. Ní Paris, ó gba wúrà mẹ́ta àti fàdákà kan. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rìn kúrò níbẹ̀.

Ẹ gbé àwọn obìnrin mẹ́ta yìí yẹ̀ wò. Ìgboyà kò wọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tó ya Biles sọ́tọ̀ ni pé ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa òbí Yorùbá nìyí. A kọ́ ọmọ wa láti má ṣe gbó àgbà lẹ́nu, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn eré òkìtì ti fi hàn pé àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ ọmọ ṣe ibi ìsápamọ́. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 150 obìnrin tó sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́ ní ọdún 2018 nípa ohun tí dókítà Larry Nassar fi ojú wọn rí. Àwọn kan ti sọ fún àgbà láti ọdún pípẹ́, a kò gbà wọ́n gbọ́. Níbí, ìwádìí tí agbẹjọ́rò Anne Whyte ṣe, tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2022, sọ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n fi dandan mú ṣeré pẹ̀lú egbò lára, àti àwọn tí wọ́n fi oúnjẹ, omi tàbí ilé ìgbẹ́ dù.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ wa ń kọ́ òkìtì ẹ̀yìn lórí igi. Ó ti ń ta á fún oṣù mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ ibi tí mo wà lókè mọ́ ni.” A bi í lẹ́ẹ̀mejì, èsì kan náà ni. A lọ bá olùkọ́ rẹ̀, ó sì dá a padà sórí igi tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìdíje tó yẹ kó lọ kọjá, kò lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ fajú ro. Ó ní, “Bí ẹ bá gbà fún un lónìí, lọ́la á ní òun kò lọ sílé ìwé mọ́.” A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a sì dá wọn lóhùn pé: “Ẹ̀gbọ́n, bó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, a ó tún un ṣe. Ọrùn ńkọ́?” Màmá wa tó wá kí wa láti Ìbàdàn ló gbè wá lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun ó wọ́.

Títí di ìsinsìnyí, ọmọ náà kò tíì padà sórí igi gíga. Bóyá á padà, bóyá kò ní padà. Ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀rín wọ gbọ̀ngàn, ó sì ń sọ ohun gbogbo fún wa.

Àwọn òbí kan ní kí a kúkú yọ gbogbo ọmọ wa kúrò níbẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Eré náà ń kọ́ wọn ní sùúrù, ó sì ń fún wọn lágbára. Ohun tí a bẹ̀ yín ni pé kí ẹ máa jókòó wò wọ́n nígbà mìíràn. Ẹ mọ ẹni tí ẹgbẹ́ wọn yàn láti máa bójú tó ààbò ọmọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá ní nǹkan ń dun òun, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ kí ẹ tó bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì kọ́ ọ pé kíkúnlẹ̀ kí àgbà kò ní kó má lè sọ fún àgbà pé, “Ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní fò.”

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọlọ́run yóò máa bá wa tọ́jú wọn. Ire o.