Pípààrọ̀ Kámẹ́rà Àtijọ́: Èrò Olùkọ́ Kan ní Ìjàrẹ

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni àwọn àgbà wa máa ń pa fún ẹni tí ó bá fẹ́ dáwọ́ lé ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, òun náà ni ó sì ń dún létí mi nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mi bá jẹ yọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Ìjàrẹ ti sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé, "Sà, kámẹ́rà yìí ti dàgbà." Wọn kò parọ́. Canon EOS 1100D ni. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde, tòkunbọ̀ ni mo sì rà á. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó kó owó tí ó fi ìnira tù jọ fún oníṣòwò, ó yẹ kí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti yẹ iṣẹ́ ìwádìí wò. Kí ni ìṣòro náà gan-an? Kí ni ó fà á? Èwo nínú àwọn ojútùú tí ó wà nílẹ̀ ni ó bá ìṣòro náà mu?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí kámẹ́rà náà ń ṣe. Ìjàrẹ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń kọ́ni ní kíláàsì. Inú ẹ̀ka-èdè yìí ni àwọn àgbà ìlú ti ń ki oríkì, tí wọ́n ti ń pa àlọ́, tí wọ́n sì ti ń pe orúkọ àwọn ohun èlò oko tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ mọ́. A máa ń lọ bá wọn nílé, a ń gba ohùn wọn sílẹ̀, a sì ń ya àwòrán wọn, nítorí pé ẹni tí ó bá ń ki oríkì kì í fi ẹnu nìkan kì í. Ojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n mọ oríkì àwọn ìdílé àdúgbò wọn jù lọ. Àbúrò náà papò dà ní ọdún tí ó kọjá kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì kó tirẹ̀ lọ. Ìyá yìí ti wá dá ọjọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ìdí àtẹ ni ó ń wà ní ọ̀sán. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni ara rẹ̀ máa ń balẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń dùn. Yàrá kékeré ni, gílóòbù kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, tí iná bá wà. Nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàìbàì ni àwòrán kámẹ́rà mi máa ń rí, bí ẹni tí à ń yà bá sì gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà á dà bí èéfín. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà fi di kánjúkánjú.

Owó tí mo ní nílẹ̀ fún un jẹ́ ₦250,000, oṣù 14 ni mo sì fi tù ú jọ. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 sí ₦70,000. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ sọ. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní báǹkì ṣáájú ìgbà náà sì ti kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Òkè òkun ni kámẹ́rà ti ń wá. Nítorí náà, àti tuntun àti tòkunbọ̀, dọ́là ni ó ń pinnu iye wọn. Oníṣòwò kan ní Àkúrẹ́ fi Canon EOS 600D tòkunbọ̀ kan hàn mí. Bí mo bá rà á, gbogbo owó náà ni yóò gbà, kò sì ní ku kọ́bọ̀ tí n óò fi ra bátìrì mìíràn.

Ohun tí oníṣòwò náà fi polówó ọjà rẹ̀ ni pé 18 megapixel ni tirẹ̀, 12 sì ni tèmi. Lójú ẹni tí ó ń ra ọjà, ìyàtọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Megapixel kan jẹ́ mílíọ̀nù kan nínú àwọn ẹyọ tíntìntín tí a fi hun àwòrán. Àwòrán tèmi ní ẹyọ 4,272 ní ìbú àti 2,848 ní òró. Ti 600D jẹ́ 5,184 ní ìbú àti 3,456 ní òró. Èyí fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ni ìbú àwòrán rẹ̀ fi ju tèmi lọ. Bí a bá tẹ àwòrán tèmi ní ẹyọ 300 sí íńṣì kan, tí ó jẹ́ òdiwọ̀n ìwé tí a tẹ̀ dáadáa, yóò fẹ̀ tó íńṣì 14, yóò sì ga ju íńṣì 9 lọ. Ojú-ìwé jọ́nà wa kò tó bẹ́ẹ̀. Megapixel kọ́ ni ó ń da iṣẹ́ wa rú.

Ìmọ́lẹ̀ ni. Lẹ́ńsì tí ó bá kámẹ́rà mi wá, èyí tí a kọ 18-55 sí lára, dà bí fèrèsé tóóró. Bí a bá fà á dé 55 láti mú ojú ènìyàn súnmọ́ tòsí, f/5.6 ni fèrèsé rẹ̀ lè ṣí mọ. Nínú ìṣirò àwọn ayàwòrán, bí nọ́ńbà yìí bá ti ń kéré sí i ni fèrèsé ń fẹ̀ sí i. Lẹ́ńsì kékeré kan wà tí Canon gbé jáde ní ọdún 2015, 50mm f/1.8 STM. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Níbi tí kámẹ́rà ìbá ti la ojú fún ìdá kan nínú 6 ìṣẹ́jú àáyá, ìdá kan nínú 60 yóò tó o. Ọwọ́ àgbà tí ó ń ki oríkì kò lè dúró jẹ́ẹ́ fún ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ti èkejì lè mú un. Mo yá irú lẹ́ńsì náà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, mo sì fi ya ọmọ mi lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo nínú ilé lálẹ́. Mo rí ìpéǹpéjú rẹ̀ ketekete. Kámẹ́rà àtijọ́ kan náà ni.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Lẹ́ńsì yìí ní àléébù tirẹ̀. Kò ṣeé fà síwá sẹ́yìn. Ẹni tí ó ń yàwòrán ni yóò máa rìn, nínú yàrá kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ lè kan ògiri. Bí a bá ṣí fèrèsé rẹ̀ tán, ojú ẹni tí ó jókòó níwájú lè hàn kedere kí ti ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ má hàn. Lẹ́ńsì àtijọ́ ni yóò ṣì máa ya ọ̀pọ̀ èrò àti ojú agbo ní ọ̀sán. Ẹ̀wẹ̀, 600D ní ohun kan tí tèmi kò ní: ihò tí a lè ki ẹ̀rọ gbohùngbohùn bọ̀. Fún olùkọ́ lítíréṣọ̀ alohùn, ọ̀rọ̀ ńlá nìyí, òun nìkan ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lọ́kàn padà. Ohun tí ó tán an ni pé a gbé fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, a pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí a lè mọ ibi tí ohùn àti àwòrán yóò ti pàdé, gbogbo sílébù ni a sì gbọ́, àti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀.

Bí a bá wo ìtàn, a óò rí i pé ohun tí àwọn ayàwòrán wa ní kọ́ ni ó sọ wọ́n di ẹni iyì. Ní ọdún 1950, kámẹ́rà Brownie D tí kò ní iná ni J. D. 'Okhai Ojeikere fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fótò ní iléeṣẹ́ ìròyìn ti ìjọba ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, onílé gogoro wà lára wọn, títí ó fi papò dà ní ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ nínú irun wọ̀nyẹn ni a kò dì mọ́, ṣùgbọ́n àwòrán àti orúkọ wọn wà. Bákan náà, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1975, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán a máa ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Ohun tí ìyá ìbejì nílò ni ayàwòrán kọ́kọ́ mọ̀, kí ó tó wá ọgbọ́n tí yóò fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ dá.

Ní Ìjàrẹ níbí, a ti rí bí àwòrán ti ń rìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àrá pa màlúù 36 lórí òkè mímọ́ kan ní ìlú náà. Kíá ni àwòrán wọn kárí Nàìjíríà. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni, àwọn mìíràn ní mọ̀nàmọ́ná ojú ọ̀run lásán ni. Àwòrán nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n mọ òfin òkè náà ni ó lè sọ ìdí tí àwọn ará ìlú fi rí i bí wọ́n ti rí i. Nítorí náà, àwòrán tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ ibi tí a ti yà á, tí kò sì ní àlàyé, fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí èyí tí a kò yà. Iṣẹ́ tí ó ń sọnù lọ́wọ́ wa lórí fóònù tí ó bọ́ sómi àti káàdì tí a pa rẹ́ pọ̀ ju èyí tí kámẹ́rà àtijọ́ bà jẹ́ lọ.

Ìpinnu mi nìyí. N kò ní ra 600D. N óò ra lẹ́ńsì 50mm tòkunbọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti gbé e síwájú iná láti mọ̀ bóyá olú ti hù sínú rẹ̀, nítorí ọ̀rinrin agbègbè wa kì í dá lẹ́ńsì sí. N óò ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà yóò máa jókòó lé, bátìrì kan sí i, àti ẹ̀rọ ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà nílé mi, kí èkejì sì wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Bí ó bá di ọjọ́ iwájú tí mo pààrọ̀ kámẹ́rà, lẹ́ńsì náà kò ní ṣòfò. Kódà irú EOS R tí Canon bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 lè lò ó bí a bá fi òrùka ìsopọ̀ sí i. Ohun tí mo fi sílẹ̀ ni fídíò ijó òru ní ìta gbangba. 1100D kò lè ṣe èyí dáadáa, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá di ojúṣe wa gan-an, tàbí tí kámẹ́rà yìí bá kọ̀ láti la ojú, ni n óò tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ yín ni yóò bá irú ọ̀ràn yìí pàdé, ìbáà jẹ́ lórí kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Kí ẹ tó bi oníṣòwò ní iye owó ọjà, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí iṣẹ́ yín ń béèrè sínú ìwé, kí ẹ sì yá ohun èlò tí ẹ fẹ́ rà wò bí ó bá ṣeé ṣe. Ní tiwa, ìyá àgbà ti ní kí a wá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀. Ó ní oríkì ìdílé mẹ́ta ni òun yóò kọ́kọ́ kì, àti pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe pẹ́ dé.